Káàdì Méjì Nínú Àpótí Kan

Ìlú Lukang kì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé afẹ́fẹ́ rẹ̀. Tí oṣù kẹsàn-án tí àwọn àgbà ń fi òṣùpá kà bá ti wọlé, afẹ́fẹ́ náà á gbéra láti etí òkun, á gbá yanrìn wọ àwọn ọ̀nà tóóró, á máa gbọn ilẹ̀kùn onígi jìgìjìgì, gbogbo fìtílà aláṣọ tí wọ́n so síwájú ilé á sì máa mì bí orí àwọn arúgbó tó ń fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan. Títí di òní, bí Shih Po-Jen bá gbọ́ afẹ́fẹ́ yẹn, kì í ṣe òtútù ló ń wá sí i lọ́kàn. Ìsọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Changhua ni, àti ọmọbìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù, tó gbé káàdì kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fún lọ́mọ ọlọ́mọ gbé.

Po-Jen ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé ló ń tún ṣe láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ti di opó ló sì ń gbé. Àwọn aládùúgbò ń pe ìyá náà ní Ìyá Alátùpà, nítorí fìtílà aláṣọ tó ń fi ọparun hun, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Ọmọ ìyá yìí mọ nǹkan tún ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ tó yẹ kó fèsì, ọjọ́ kejì ni èsì tó dára máa ń wá sí i lọ́kàn, nígbà tó bá wà nídìí ẹ̀rọ ẹlòmíràn.

Ìyẹn ló mú kó nífẹ̀ẹ́ sí ọgbọ́n atọ́wọ́dá, ẹ̀rọ tó ń fèsì ọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ á kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ sí ilé ẹ̀rọ ẹlòmíràn kí èsì tó padà wá. Po-Jen kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó máa gbé inú yàrá rẹ̀ ló fẹ́, tí yóò máa dáhùn kódà bí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì bá já, níbi tí òun ti lè fi ọ̀rọ̀ dánra wò tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ó sì ti kà á níbi púpọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìṣòro ibẹ̀ ni àyè: kí ó tó lè ronú, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ sínú káàdì ayàwòrán kan, èyí tí àwọn tó ń gbá géèmù máa ń lò. Nítorí náà, wọ́n máa ń fún ọpọlọ náà mọ́ra, bí ẹni tó ń di aṣọ sínú àpò ìrìnàjò. Aṣọ náà á rún díẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni.

Káàdì àlòkù méjì péré ló kù nínú ìsọ̀ Ọ̀gá Liao lọ́jọ́ náà.

"Ẹnì kan ló ni méjèèjì," ni Ọ̀gá Liao wí, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ó fi wọ́n wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì títí owó fi kọ̀yìn sí i. Ìbejì ni wọ́n."

"Ṣé kò tíì rẹ̀ wọ́n jù?" ni ọmọbìnrin aláṣọ búlúù béèrè.

"Ta ni kò rẹ̀, àbúrò mi? Ó ti rẹ èmi náà. Ṣé ẹ ò rí i pé mo ṣì ń ṣiṣẹ́?"

Ọmọbìnrin náà gbé ọ̀kan, ó fi imú sí ẹ̀gbẹ́ fáàní rẹ̀, ó fà á símú dáadáa. Ó gbé èkejì, ó ṣe bákan náà. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Po-Jen, tó dúró bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n rán an.

"Gbà, gbóòórùn tìẹ náà. Bí káàdì bá ti jóná rí, òórùn ẹ̀ kì í tán."

Po-Jen gbóòórùn rẹ̀. Eruku ni, àti òróró. Ojú méjèèjì ń wò ó, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n.

"Ó... ó ń rùn bí ilé," ló wí.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Ọ̀gá Liao mi orí. "Ẹ ti ya ìbejì mi nípá o. Ó yá, ẹ gba nọ́ńbà ara yín. Bí ọ̀kan bá kú, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ti èkejì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Hsu Jui-Ling ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ omi lẹ́yìn Lukang ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán wọn kí wọ́n tó rọ idẹ.

*

Ọpọlọ kékeré ni káàdì kan lè gbà. Po-Jen tan tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé: *Sọ fún mi nípa ìlú Lukang.* Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú rẹ̀, ó ń yára bí ọmọdé tí kò ka ìwé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí olùkọ́ mọ̀. Ó ní Lukang jẹ́ ìlú kan tó wà lórí òkè gíga, tí yìnyín máa ń bo òrùlé rẹ̀ nígbà òtútù.

Lukang rèé o, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú bí ẹní, tí ẹnikẹ́ni ò rí yìnyín níbẹ̀ rí. Po-Jen fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí Jui-Ling. Kò pẹ́ tí èsì dé.

*Ará orí òkè, ṣé o ti wọ ẹ̀wù òtútù?*

Lẹ́yìn náà ni òmíràn tún wọlé: *Ọpọlọ ńlá kan wà o. Káàdì kan ò lè gbà á. Àmọ́ bí a bá fi méjì sínú àpótí kan, á pín ara ẹ̀: ìdajì á gbé lọ́dọ̀ tèmi, ìdajì á gbé lọ́dọ̀ tìẹ.*

Po-Jen ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn léraléra. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Síbẹ̀, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sùn.

Ọ̀sán Sátidé ni Jui-Ling gbé káàdì rẹ̀ wá. Ìyá Alátùpà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun òdòdó sára fìtílà.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán, ọmọ mi. O mà ga o. Ọmọ ilé ta ni?"

"Ilé Hsu ni, mà."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó wo àlejò. "Po-Jen, ṣé o mọ ohun tí àwọn àgbà ìlú yìí ń wí? Ilé Shih, ilé Huang àti ilé Hsu, obìnrin wọn gbóná bí ata. Ẹni tó bá fẹ́ wọn, bí ẹni ń bọ Ọlọ́run ọ̀run ni yóò máa bọ wọ́n."

Po-Jen ń wá ọ̀rọ̀. Jui-Ling ti rí tirẹ̀. "Màámi, wọ́n ní ilé Huang ni wọ́n bí ẹ̀yin náà sí."

Ìyá ti búrọ́ọ̀ṣì bọnú ọ̀dà. "Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ máa gòkè lọ."

Lókè, Jui-Ling kò jẹ́ kí Po-Jen fi káàdì náà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í sáyè rẹ̀ títí ó fi dún *kẹ́*. Ó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì iná lára ògiri, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀.

"Wáyà yìí ti dàgbà ju àwa méjèèjì lọ. Ṣé òun náà ló ń gbé iná lọ sísàlẹ̀?"

"Wáyà kan náà ni. Ilé ìdáná, iná ojúbọ àwọn baba ńlá, gbogbo ẹ̀."

"Ó dáa, gbọ́. Ọ̀jẹun ni àwọn káàdì yìí, iná ni oúnjẹ wọn, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ràn. Kọ́kọ́ pàṣẹ kí wọ́n dín oúnjẹ kù kó o tó tan ọpọlọ ńlá. Wọ́n á ṣiṣẹ́, eré wọn ni yóò dín díẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àṣẹ yẹn kì í dúró. Bó o bá pa ẹ̀rọ, tó o tún tan án, ó ti gbàgbé. Àfi kó o tún àṣẹ náà pa."

Wọ́n pàṣẹ. Wọ́n tan ọpọlọ ńlá. Fáàní bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Wọ́n bi í léèrè nípa Lukang, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń di ògiri mú. *Lukang... jẹ́... ìlú... etí... òkun...*

Jui-Ling pàtẹ́wọ́. "Ó ti sọ̀kalẹ̀ látorí òkè!"

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kò wá. Tó bá ń bọ̀, á ra bisikíìtì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní ahọ́n màlúù dání, Ìyá á gba tirẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, á sì jẹ ẹ́ tán. Ní Sátidé kan tí òjò ń rọ̀, Po-Jen gbára jọ, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Òṣùpá wà nínú rẹ̀, odò wà nínú rẹ̀.

Jui-Ling fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ta ló kọ ìyẹn fún ẹ?"

"Àwa méjèèjì ni. Èmi àti... àpótí."

"Ìdajì àpótí, tèmi ni. Ṣé èmi wá ni mo ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ara mi?" Ó sún mọ́ ọn. "Sọ tìẹ. Bó rún, kó rún."

Po-Jen wo ilẹ̀. Òjò ń lu òrùlé. "Bó o bá ti lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé," ló wí níkẹyìn, "ilé yìí máa ń tóbi jù fún wa."

Jui-Ling fa ọwọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó dì í mú títí òjò fi dá.

*

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, Ìyá A-Tao ni alárinà. Obìnrin náà lè fi ọ̀rọ̀ yí àpáta lọ́kàn padà, á sì tún jẹun nílé àpáta kó tó máa lọ.

"Ìyá Alátùpà, ẹ̀rù kí ló ń bà yín?" ló wí nígbà tó wá fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́. "Ọmọ yín kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí kò ní ẹnu fún un, ta ni yóò máa ké sí èkejì wá jẹun?"

"Mi ò ní mi ò fẹ́. Mo ní kí àwọn àgbà ilé yìí sọ̀rọ̀ kí n tó sọ."

Bí àwọn ará ilẹ̀ wọn ti ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn. Wọ́n á kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí ọmọbìnrin sínú ìwé pupa kékeré, wọ́n á fi í sábẹ́ ìkòkò tùràrí níwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá ọkọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni yóò lò níbẹ̀. Bí ife kò bá fọ́, bí ìjà kò bá ṣẹlẹ̀, bí iná ojúbọ kò bá kú, àwọn baba ńlá ti gbà. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́, wọ́n á dá ìwé náà padà, kò sì sẹ́ni tó máa bínú.

"Jọ̀ọ́," ni Jui-Ling wí fún Po-Jen, "pa ẹ̀rọ yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Má fọwọ́ kàn án rárá."

"Mo gbọ́."

Ọjọ́ kìíní lọ láìsí wàhálà. Ìyá ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ife bí ẹni gbé ẹyin. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, Po-Jen jókòó lókè, ó ń ro bí òun yóò ṣe dúró níwájú bàbá Jui-Ling. Kí ni òun yóò wí? Bàbá náà yóò wò ó, gbogbo ìdílé Hsu yóò wò ó, ẹnu òun yóò sì gbẹ. Ó wo àpótí náà. Ìbéèrè kan péré, ló rò nínú ara rẹ̀. Ó tan án.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa tẹ́lẹ̀ ni, àṣẹ ìjẹun ti parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Po-Jen kò rántí. Nísàlẹ̀, ìkòkò iná ń se ìrẹsì lọ́wọ́. Ọpọlọ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé *Bàbá mi ọ̀wọ́n*, ni ohun kan bá dún *tá* lára ògiri, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe ìyá rẹ̀.

Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Iná pupa méjì tó máa ń tàn tọ̀sán-tòru lórí pẹpẹ ti kú. Ìyá dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú síbí ìrẹsì lọ́wọ́.

"Wọ́n ti kọ̀ ọ́," ni Ìyá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Po-Jen, wọ́n ti kọ̀ ọ́."

Kò le. *Èmi ni.* Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Po-Jen la ẹnu. Ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó rí pẹpẹ tó ṣókùnkùn, ó sì pa ẹnu dé. Ó lọ gbé bíréékà sókè. Iná padà, ṣùgbọ́n ìwé pupa ti wà lọ́wọ́ Ìyá.

*

"Ṣé o pa ẹ̀rọ?" Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí Jui-Ling béèrè. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí. Kò bọ́ bàtà tán.

"Mo tan án."

"Ṣé o pàṣẹ fún wọn?"

"Mo gbàgbé."

"Ṣé o ti sọ fún Màámi?"

"Mi ò tíì sọ."

Jui-Ling mi orí jẹ́jẹ́. "Wáyà kì í ṣe èèyàn, mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹni tó ń ta ẹja ló sọ fún bàbá mi lọ́jà pé baba ńlá ilé Shih kọ ọmọ rẹ̀. Bàbá mi dé ilé, kò jẹun. Ìwọ mọ ohun tó pa iná, Po-Jen. O mọ̀ ọ́n, o sì jẹ́ kó jẹ́ èmi."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Èmi náà mọ ẹ̀rù. Bí mo bá wá gbé ilé yìí, ṣé gbogbo ohun tó bá fọ́ ni yóò máa jẹ́ èmi?"

Ó mú ìtúdè, ó kúnlẹ̀, ó tú àpótí náà. Kò fi ìbínú fa káàdì rẹ̀ yọ. Ó tẹ ìdè rẹ̀, ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó wé e sínú jákẹ́ẹ̀tì búlúù. Ìyẹn gan-an ló dun Po-Jen jù. Ẹni tó ń bínú a máa padà wá bú ẹni. Ẹni tó fara balẹ̀ tú nǹkan, ó ti parí ọ̀rọ̀ ni.

Sátidé wá di ọjọ́ tó gùn jù lọ nínú ọ̀sẹ̀. Ìyá a máa wo ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án, á ní afẹ́fẹ́ ni òun ń wò. Kò sí bisikíìtì mọ́. Nínú àpótí, àyè kan ṣófo bí ẹnu tí eyín ká. Ọpọlọ kékeré ni Po-Jen padà sí. Ó bi í nípa Lukang, ó sì ní yìnyín ń bọ́ sórí òrùlé.

Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ pé: *Báwo ni mo ṣe lè sọ òtítọ́ fún màmá mi?*

Ẹ̀rọ náà kọ gbólóhùn tó dára jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Po-Jen kà wọ́n tán. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè bá a sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú wọn, kó lọ dúró níwájú obìnrin náà. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló máa ṣe ìyẹn. Ó pa ẹ̀rọ.

Òwúrọ̀ ni. Ìyá ń ya ojú dírágónì sára fìtílà.

"Màámi, èmi ni mo pa iná."

"Iná wo?"

"Iná ojúbọ. Ọjọ́ yẹn. Mo tan ẹ̀rọ mi, ó wúwo jù fún wáyà. Jui-Ling ní kí n má tan án. Mo tan án. Àwọn baba ńlá kò sọ nǹkan kan."

Ìyá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Láti ìgbà yẹn?"

"Láti ìgbà yẹn."

"Mo pàdé bàbá ọmọ yẹn lọ́nà tẹ́ńpìlì. Mi ò kí i. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́! Mo ń rò pé ohun tí àwọn àgbà wí ni mò ń tẹ̀ lé, àṣé ìdákẹ́jẹ́ ẹ ni mò ń tẹ̀ lé!" Ó dìde. Ó tún jókòó. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo rò pé ẹ máa ní ẹ̀rọ mi ló burú."

"Ẹ̀rọ ẹ kò burú. Ẹnu ẹ ló burú."

Nígbà tó di ọ̀sán, Po-Jen gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó wọlé, ó wo àpótí, ó fọwọ́ pa wáyà ògiri bí ẹni ń yẹ ọparun wò kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Pe A-Kun oníná. Kó fa wáyà tuntun wá síbí, kó má bá ti ojúbọ pàdé níbì kankan. Lẹ́yìn náà, a ó tún ọjọ́ mẹ́ta yẹn ṣe."

"N ó pa ẹ̀rọ, Màámi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo búra."

"Ta ní kó o pa á? Ọmọ tó ń bọ̀ wá gbé ilé yìí, ṣé yóò máa pa ohun tó fẹ́ràn kí iná mi lè jó ni? Tan án. Èyí tó tóbi ni kó o tàn. Tọ̀sán-tòru. Kí àwọn àgbà mọ ohun tó ń bọ̀ wálé."

"Èyí tó tóbi ò lè tàn. Ìdajì ẹ̀ wà lọ́dọ̀ Jui-Ling."

Ìyá wò ó bí ẹni wo ọmọ tó gbé bàtà lọ́wọ́ tó ń wá bàtà. "Èmi lo wá ń sọ ọ́ fún?"

*

Ìyá A-Tao ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n yára, nítorí oṣù keje àwọn òkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nínú rẹ̀. Bàbá Jui-Ling náà ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ rẹ̀: bí iná bá tún kú, kí ilé Shih má rán ẹnikẹ́ni wá mọ́ láé.

Po-Jen lọ dúró ní ẹnubodè ilé iṣẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi nígbà tí wọ́n ń jáde. Oòrùn mú. Jui-Ling rí i, ó bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á.

"Mo ti sọ fún Màámi."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní èmi ni."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó rún. Àmọ́ èmi ni mo sọ ọ́."

Jui-Ling pa alùpùpù. Ó jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń yín imú sí wọn. "Ìyá A-Tao ní ẹ fẹ́ tún un ṣe. Ó ní káàdì lo ń wá gbà."

"Ìwọ ni mò ń wá," ni Po-Jen wí. "Káàdì ló máa kọ́kọ́ wọlé. Bí o kò bá ní wọlé tẹ̀ lé e, má fún mi."

Jui-Ling fi èékánná ha orí ọwọ́ alùpùpù.

"Báwo ni Lukang lọ́dọ̀ ẹ?"

"Yìnyín ṣì ń bọ́."

"Lọ́dọ̀ tèmi náà." Ó gbé akoto padà sórí. "Ìyá A-Tao ló máa mú ìwé pupa wá. Káàdì, èmi fúnra mi ni n ó gbé e wá. Ìwọ kì í tì í wọlé dáadáa."

*

Ìwé pupa padà sábẹ́ ìkòkò tùràrí. Lókè, káàdì méjèèjì ń mí tọ̀sán-tòru lórí wáyà tuntun, wọ́n ti gba àṣẹ kí wọ́n jẹun níwọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá gòkè wá, ó ní kí Po-Jen bi ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń ya ojú dírágónì. Ó gbọ́ èsì náà dópin, tòun ti sùúrù.

"Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ṣé ó mọ̀ ọ́n yà?"

"Rárá, Màámi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó máa sọ, kí n máa yà."

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni ìjì ńlá dé láti ojú òkun. Òjò ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́. Páànù kan fò kọjá lójú ọ̀nà bí ẹyẹ. Po-Jen jókòó ti àpótí náà, ó ń gbọ́ fáàní, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí ilẹ̀ ṣú, kí ọjọ́ mẹ́ta pé.

Fáàní dákẹ́.

Ó wo ojú fèrèsé. Gbogbo òpópónà ti ṣókùnkùn, láti tẹ́ńpìlì dé ọjà. Ó di ògiri mú, ó sọ̀kalẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ máa wí. Ó ti ń rí jákẹ́ẹ̀tì búlúù tó ń wé káàdì.

Ìyá wà lórí àpótí ìjókòó níwájú pẹpẹ, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ti tan àbẹ́là pupa méjì. Afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo ilẹ̀kùn wọlé, Ìyá sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ká wọn mọ́, àwọn ọwọ́ tí ọ̀dà ti bà láti ìgbà ọmọge.

"Màámi, iná ti..."

"Iná wo? Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Wò ó, ó ń jó."

"Iná ìlú ni mo ní..."

"Kí iná ìlú tó wọ Lukang, kí ni wọ́n ń tàn níbí? Gbogbo àdúgbò ló ṣókùnkùn. Ṣé gbogbo baba ńlá Lukang ló wá pàdé láti kọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo?" Kò yí ojú padà. "Ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa. Gbé fìtílà ńlá yẹn wá ká fi bò ó. Má wulẹ̀ dúró síbẹ̀ bí ọ̀pá!"

Po-Jen gbé fìtílà aláṣọ wá, èyí tí ojú dírágónì rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n sì fi bo iná náà. Ó gbé àga wá, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta pé lójú wọn. Síbẹ̀, Ìyá kò dìde. Bí àbẹ́là kan bá ti ń kúrú, á fi iná rẹ̀ tan òmíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ìjì kọjá, iná ìlú kò tíì dé. Ìyá kò dúró de alárinà. Ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára, ó ní kí Po-Jen gbé apẹ̀rẹ̀ èso, wọ́n sì ń fò kọjá lórí ẹ̀ka igi tó ya sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé Hsu. Bàbá Jui-Ling ló ṣílẹ̀kùn. Jui-Ling dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ pupa bí ẹni tí kò sùn.

Ìyá Alátùpà tẹrí ba fún ọkùnrin tí kò kí lọ́nà tẹ́ńpìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo wá sọ fún yín pé iná wa kò kú."

Bàbá Hsu wo ojú ọ̀nà sápá ọ̀tún, ó wò ó sápá òsì. Kò sí gílóòbù kan tó tàn níbì kankan.

"Ìyá Po-Jen," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ilé tiyín nìkan ni?"

"Ilé tiwa nìkan ni," ni Ìyá wí, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ti Jui-Ling ni. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè wọlé. Po-Jen kò sì dúró kí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún un. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ni mo wá tọrọ." Bó ṣe jáde nìyẹn, láìsí òṣùpá, láìsí odò.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ oṣù kẹsàn-án tún dé, ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, Jui-Ling gbé àwo tíì, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún Ìyá Alátùpà ní tirẹ̀. Ìyá mu ún tán, ó sì dá ife náà padà láìwo ojú rẹ̀, bó ṣe ń ṣe sí bisikíìtì.

*

Gbogbo ìyẹn ti pẹ́. Fóònù tó wà nínú àpò Po-Jen lónìí gbọ́n ju àpótí náà lọ, kò sì gbóná. Ọ̀gá Liao ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ojú Ìyá kò ríran kun òdòdó mọ́. Jui-Ling ló ń bá a fa ìlà, Ìyá á sì máa bú ìlà náà láìrí i. Ṣùgbọ́n ìbejì méjèèjì ṣì wà lókè nínú àpótí kan. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ náà bá kọ́kọ́ dé lọ́dọọdún, àwọn méjèèjì á gòkè lọ, Po-Jen á kọ́kọ́ pàṣẹ kí káàdì dín oúnjẹ kù, wọ́n á tan ọpọlọ kékeré àtijọ́, wọ́n á sì bi í ní ìbéèrè kan náà.

"Kí ló wí?" ni Ìyá máa ń ké látìsàlẹ̀.

"Ó ní yìnyín ń bọ́, Màámi!"

"Ẹ sọ fún un kó wọ ẹ̀wù," ni Ìyá á wí, "kó sì máa bọ̀ nísàlẹ̀ wá jẹun."